Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Wà Nínú Ìwé Ìgbélùú Ìyá Mi

Ìyá mi sanra. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti wọlé wá bá wa. Ní ọjà Bouaké, ní ìlà àwọn tó ń ta abọ́ ike àti abọ́ tánńganran, ìjókòó wọn gba àyè ènìyàn méjì, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Àwọn oníbàárà tó jẹ́ ẹ̀yà Baoulé ń pè wọ́n ní Tántì Ńlá. Àwọn Júlà ń pè wọ́n ní Màmá Ànàgó, nítorí Ànàgó ni gbogbo ìlú náà ń pe àwa Yorùbá. Àwa ará ilé ní tiwa, bí a bá kí wọn tán, a óò fi kún un pé, "Ara yín mà ń dán o." Wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn wọn pẹ́pẹ́, wọn a ní, "Ọlọ́run ló ń bọ́ mi, kì í ṣe ìjọba."

Ẹ má rò pé ẹnu dídùn lásán ni. Ara ìyá mi ni pátákó ọjà wọn. Àwọn tó ń kó ọjà wá láti Abidjan kì í bèèrè ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ oníṣòwò, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kún, wọn a já ẹrù sílẹ̀ láwìn, wọn a máa lọ. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wọnú, wọn a ní àwọn ń bọ̀, ìyẹn sì ni ìgbà tí a máa rí wọn mọ.

Nígbà tí wọ́n wá gé owó sẹ́fà sí méjì, tí kòkó àti kọfí kò mú nǹkan gidi wọlé mọ́, ọjà dá páropáro. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní ìhà Gonfreville, tó jẹ́ pé abọ́ tuntun ni wọ́n fi ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ jíjò wá bá wa pé ṣé a mọ ẹni tó lè dí i. Láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin bá rù, ohun méjì ni ọjà máa sọ nípa rẹ̀: bóyá owó rẹ̀ ti wọmi, tàbí sídà, àrùn éèdì, ti mú un. Ìyá mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìkankan nípa wọn. Bí ọjà ṣe ń kú tó ni wọ́n ń jẹun tó. Láàárọ̀, bùrẹ́dì gígùn àti kọfí tí wàrà inú agolo ti sọ di funfun. Bí oòrùn bá mú, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù, wọn a sì dìde dúró mu ún kí gbogbo ìlà lè rí wọn. Lálẹ́, fùtù, iyán ìlú náà, àti ọbẹ̀ ẹyìn tí epo léfòó lórí rẹ̀.

Èmi ni mò ń rán aṣọ wọn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Dar-es-Salam, àdúgbò kan ní Bouaké, níwájú ilé tí a jọ ń gbé, mo sì ti ń fi téèpù wọn ìyá mi láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ parí. Apá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èjìká wọn kò yí padà. Ikùn ló ń lọ. Lọ́dọọdún ni mò ń tú ẹ̀gbẹ́ bùbá kí n tó lè fi aṣọ kún un. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé láìpẹ́ aṣọ àgọ́ ni mo máa rán fún wọn. N kò mọ̀ pé àìsàn ni mò ń wọ̀n.

Ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọ̀rọ̀ kan gba orí rédíò, tó gba ẹnu àwọn olóṣèlú, tó sì wá bọ́ sẹ́nu àwọn ọmọ kéékèèké lójú títì: ivoirité, pé ta ni ojúlówó ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó kàwé lè ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ohun tí àwa mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ọlọ́pàá tó ti ń kí wa tẹ́lẹ̀ wá ń bi wá pé níbo la ti wá. Ní gbogbo ojú ọ̀nà tó jáde ní Bouaké, àwọn ọlọ́pàá na okùn tàbí igi dínà, a sì ń pe ibẹ̀ ní bàráàjì. Awakọ̀ á dúró, gbogbo wa á na ìwé ìgbélùú wa, èyí tí a ń pè ní káàtì. Ẹni tí kò bá ní in á sọ̀kalẹ̀. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn kò dọ́gba: òmíràn á sanwó, òmíràn á sun àgọ́ ọlọ́pàá, òmíràn tó tilẹ̀ ní ìwé lọ́wọ́ á rí i bí wọ́n ṣe fà á ya lójú rẹ̀.

Ìyá mi ti rí irú rẹ̀ rí. Kumasi ni wọ́n wà pẹ̀lú bàbá mi lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Bàbá mi níwèé. Òṣìṣẹ́ kan gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun fẹ́ fi han ọ̀gá òun. Wọ́n dúró títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ìwé náà kò sì jáde mọ́. Bí wọ́n ṣe dé Bouaké nìyẹn, pẹ̀lú ẹní kan, ìkòkò kan, àti oyún mi. Bàbá mi ti kú kí ohun tí mò ń sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbàgbé ilẹ̀kùn yẹn. Mo rán àpò kékeré kan fún káàtì wọn sínú tòbí, aṣọ tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ sábẹ́ ìró. Bí ọlọ́pàá bá gbà á, ojú ìyá mi á máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ bí ojú ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ fún àjèjì mú.

Ìgbà tí wọ́n sanra jù ni wọ́n ya àwòrán tó wà nínú káàtì náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kún dé etí fọ́tò. Ọrùn kò sí.

Ó wá di ọdún kan tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara ń jó àwọn. Mo fọwọ́ kan ọrùn wọn, ó tutù.

"Kì í ṣe ibà," wọ́n ní. "Inú lọ́hùn-ún ni. Ó dà bíi pé mo jókòó ti ààrò tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, tí ẹyin iná ṣì wà lábẹ́ eérú."

"Ṣé ẹ ò jẹ ata jù?"

"Ata wo? Ti Bouaké yìí náà lò ń pè ní ata?"

Òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ń dìde tọ̀ ṣáá. Ìdí eyín wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ń rún pákò. Orúnkún ń dùn wọ́n láàárọ̀. A pe orúnkún ní làkúrègbé, a pe òǹgbẹ ní ooru, a pe rírẹ̀ ní ọjà tí kò tà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti àgbo tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni okùn bàtà rọ́bà tuntun kan ha wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Egbò náà kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò lọ, ọyẹ́ wọlé, egbò náà wà níbẹ̀, ó lanu sílẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà pé ká lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ ni. "Ó máa ní kí n mú káàtì wá," wọ́n ní, "ó sì máa gbé e wọlé." Ó béèrè rẹ̀ lóòótọ́. Ìyá mi kò jọ̀wọ́ etí káàtì náà títí ó fi kọ orúkọ wọn tán, àwọn méjèèjì sì jọ dì í mú bí ẹni tó ń na aṣọ.

Ọmọ Baoulé ni dókítà náà, kò dàgbà púpọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Faransé ló ń sọ. Ìyá mi gbọ́ Júlà ọjà dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé wọn kò kọjá iye owó abọ́, nítorí náà èmi ni mò ń túmọ̀. Ó yẹ ẹsẹ̀ wò, ó wọn ìfúnpá, ó gba ẹ̀jẹ̀. Ó wá fa téèpù yọ, irú tèmi gan-an, ó fi yí ikùn ìyá mi po.

Ìyá mi wò mí. "Bi í pé irú bùbá wo ló fẹ́ rán fún mi."

N kò túmọ̀ ìyẹn.

Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, a padà lọ. Ó ní ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ga, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò dára. Mò ń túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá mi ń mi orí sí wọn bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ àwọn tó wá kí i tí wọn kò bá a nílé. Dókítà ní ká má pín wọn yà. Ikùn ńlá, ṣúgà, ìfúnpá, ọ̀rá búburú, ó ní wọ́n jọ ń rìn ni. Ó ní nǹkan kan sì wà tó ń so wọ́n pọ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Faransé. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà fún ojú egbò tó wú, tó pọ́n, tó sì gbóná. Mo bi í pé ṣé ti ẹsẹ̀ ló ń wí. Ó ní rárá, gbogbo ara.

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ní ọ̀rá tó wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, kì í ṣe ẹrù tí a kó pamọ́ tó ń sùn. Ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti pọ̀ jù, á máa ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ pé ewu ti dé, bí ẹni pé kòkòrò àìsàn ti wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbá kòkòrò mú, á jáde. Wọn ò ní rí kòkòrò kankan. Síbẹ̀ wọn ò ní padà sílé. Wọn á dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn á máa ba ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí ara gbọ́ ti oje tó yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kò ní wú, kò ní pọ́n, ojú kò ní rí i. Ó lè dé ọkàn, ó lè dé ọpọlọ. Egbò kékeré náà lè kọ̀ kó má san.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó gbogbo ìyẹn fún ìyá mi? Mo wá ọ̀rọ̀ sókè sódò, n kò rí i. Mo bá sọ èyí tó kọ́kọ́ wá sẹ́nu mi.

"Ìyá mi, ó ní ọ̀rá ikùn yín ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kún inú ẹ̀jẹ̀ yín. Wọ́n ń wá àlejò, wọn ò rí àlejò, wọ́n wá ń lu àwọn onílé."

Ìyá mi fi ọwọ́ kan ikùn wọn. "Bàráàjì ni wọ́n ti gbé sínú mi?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Wọ́n ń bi ẹran ara mi ní káàtì?"

Èmi àtàwọn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà bi mí pé kí ló pa wá lẹ́rìn-ín, mo sọ fún un. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, ó ní àpèjúwe náà kò burú. Ó fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ohun dídùn, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn, kí ikùn náà fà. Bí ikùn bá ṣe ń fà, ó ní, bẹ́ẹ̀ làwọn ẹ̀ṣọ́ náà á ṣe máa padà sílé.

Ìyá mi gbọ́ràn. Láti Dar-es-Salam dé ọjà, wọn kì í wọ takisí mọ́. Wọ́n fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, wọ́n ń gbé oògùn mì. Bí àwọn ará ọjà bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní ààwẹ̀ làwọn ń san. Téèpù mi bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Etí egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. "Iná náà ń rọlẹ̀," wọ́n ní fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń rún pákò tí itọ́ wọn funfun. Inú mi dùn débi pé n kò wo ojú wọn. Ikùn ni mò ń wọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń fi téèpù wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìlú Béoumi nìkan ló kù tí ọjà ti ń tà. Àwọn ẹlẹ́ja etí adágún Kossou kò lè ṣe láìra abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń gbé ẹja. Bí ọjọ́ ọjà ibẹ̀ bá pé, èmi àti ìyá mi á wọ gbákà, ọkọ̀ akérò kékeré, abọ́ á wà lórí òrùlé. Lójú ọ̀nà yẹn ni ọlọ́pàá kan ti gba káàtì gbogbo wa lọ́jọ́ kan. Ó wo tèmi, ó dá a padà. Bouaké ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ èmi náà ní káàtì àlejò. Ó wo ti ìyá mi, ó wo ojú wọn, ó tún wo káàtì.

"Èyí kì í ṣe ìwọ."

"Èmi ni, ọmọ mi," ìyá mi fi Júlà dá a lóhùn.

"Èmi kì í ṣe ọmọ Ànàgó. Obìnrin inú fọ́tò yìí jẹun yó. Ìwọ ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ ni ọ́, àbí ìyàwó ọmọ rẹ̀? Mo mọ̀ yín. Káàtì kan ni gbogbo agboolé ń wọ̀ bí ẹ̀wù."

Mo fi Faransé sọ fún un pé ìyá mi ń gba ìtọ́jú, dókítà ló ní kí wọ́n fọn.

"Àìsàn wo? Sídà?"

Gbogbo èrò inú ọkọ̀ wo ìta. Ó ní kí ìyá mi sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tú gèlè, kí wọ́n yí ojú sápá kan, kí wọ́n yí i sápá kejì. Ó fi wọ́n sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, ó lọ dá ọkọ̀ mìíràn dúró, káàtì wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí ojú ìyá mi bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, tó ń tẹ̀ lé ọwọ́ yẹn. Irun wọn funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú u. Ọlọ́pàá náà ju káàtì náà sórí itan wọn.

"Bí mo bá tún rí ìwọ àti fọ́tò yìí pọ̀, mo máa fà á ya."

Nígbà tí a ń já abọ́ sílẹ̀ ní Béoumi ni ìyá mi tó ní, "Kò ní kí n sanwó. Ṣé o ṣàkíyèsí? Ẹni tó bá béèrè owó, mo mọ ohun tó fẹ́."

Láti ọjọ́ kejì, wọn kò fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà mọ́. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo wọlé láti mú abẹ́rẹ́, mo bá wọn níwájú dígí. Agolo wàrà wà ní ẹsẹ̀ wọn, bùrẹ́dì wà lọ́wọ́, káàtì sì wà lára dígí, wọ́n gbé e tì í. Wọ́n á jẹ, wọ́n á wo fọ́tò, wọ́n á wo ara wọn.

"Ìyá mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń padà sínú ìwé mi."

"Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe káàtì tuntun, ká fi ojú yìí ṣe é."

"Wọ́n á gba èyí. Wọ́n á ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà." Wọ́n ti bùrẹ́dì bọ wàrà. "Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rí."

Mo jiyàn, mo bẹ̀bẹ̀, mo kó agolo wàrà pamọ́, wọ́n ra òmíràn. Kò pẹ́ tí téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ibi tó ti wá. Ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn. Egbò tó ti fẹ́ padé lanu, ó dúdú létí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, òórùn tí mo máa ń gbọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn mi kọjá. Mi ò lè ránṣọ mọ́. Bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, òórùn yẹn ni mò ń dúró dè.

Dókítà wẹ ẹsẹ̀ náà, kò bínú sí wa. Ó sọ fún mi pé bó bá ń bá a lọ báyìí, ìka náà máa lọ, lẹ́yìn ìka, kò lè ṣèlérí fún ẹsẹ̀. Ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù jù kì í tilẹ̀ ṣe ẹsẹ̀, nítorí iná kan náà wà ní ọkàn wọn, ibẹ̀ kò sì ní rùn kí a tó mọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò dín in kù.

Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí. "Fọ́tò tó wà nínú káàtì," wọ́n ní, "ojú nìkan ló wà níbẹ̀. Wọn kì í ya ẹsẹ̀."

Mo ti gbọ́ ìbọn láti ìgbà yẹn. Mo ti sá fún ogun nílùú yẹn kan náà. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbà yí, n kò ronú jìnnà kí n tó dé ibẹ̀. Àṣà àwa Yorùbá Bouaké ni pé lọ́jọ́ Iléyá, bí a bá ti kírun tán tí a sì ti pín ẹran, gbogbo ilé á lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò nínú aṣọ tuntun. A ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn ará ilé lè rí i pé ara wa ń dán. Ọ̀kan á wà nínú àpótí. Lọ́sàn-án tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo gbé àpótí náà jáde nítorí pé mo fẹ́ wá ìyá mi tó lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kí n lè fi hàn wọ́n, kí n lè sọ pé ẹsẹ̀ wà nínú fọ́tò. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní láti ìsàlẹ̀ àpótí, èyí tó dàgbà jù níwájú.

Nínú èyí tó wà níwájú yẹn, obìnrin kan dúró tí ọrùn rẹ̀ gùn, ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó pọn ọmọ.

"Ta nìyí?" mo bi wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀.

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi yẹn. Ò ń sunkún. Onífọ́tò ní kí n fún ọ lọ́mú, mo ní kí ó yà á bẹ́ẹ̀."

"Bí ọlọ́pàá ọjọ́sí bá rí ẹ̀yin yìí pẹ̀lú káàtì yẹn ńkọ́?"

Wọ́n fi ìdí wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀ tí a fi báńdéèjì wé, wọ́n ń wo àwọn fọ́tò náà lọ bí wọ́n ṣe tò. Ọdún dé, ọrùn kúrú. Ọdún dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Wọ́n gbé èyí àkọ́kọ́ sún mọ́ ojú wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹni tó wọ ìlú yìí nìyí," wọ́n ní. "Ti inú káàtì, ibí ló ti wá bá mi." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n tún ní, "Ìwọ aránṣọ. Ṣé o lè rán fọ́tò mọ́ aṣọ?"

Mo gé aṣọ aláwọ̀ ewé kan ní gbọọrọ. Mo fi náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di abọ́ tánńganran ṣe àpò kéékèèké sí i lára, mo kó àwọn fọ́tò sínú wọn ní ẹsẹẹsẹ, obìnrin tó pọn ọmọ ló ṣíwájú, káàtì ní ààyè tirẹ̀ láàárín, mo sì fi àpò òfìfo sí ìparí. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń fọ̀pá, wọ́n ń tiro. Wọ́n gbé agolo wàrà fún aládùúgbò wa. Bí ojú wọn bá ti fà díẹ̀, a ó lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ní Dar-es-Salam, àpò òfìfo kan á kún.

Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọjà, èmi nìkan ni mò ń lọ sí Béoumi. Bàráàjì yẹn ni mò ń wò, mo rí i pé ọlọ́pàá náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ lè wọ bàtà, ìyá mi ní àwọn ń bá mi lọ. N kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi jẹ ẹ̀wà tiwọn.

Ní bàráàjì, ọlọ́pàá náà dá wọn mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́. Ìyá mi kò dúró kí ó sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n tú aṣọ gbọọrọ náà kúrò nídìí, wọ́n nà án sórí ìbòrí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

"Kí lèyí, Tántì? Ọjà ni?"

"Ojú mi ni," wọ́n ní ní Júlà. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé."

Ó tẹ̀ ba. Ìka rẹ̀ ń gba orí àwọn fọ́tò náà lọ, ó dé ibi káàtì, ó kọjá, ó dé ti ìparí, ó gbé ojú sókè wo ìyá mi, ó tún padà sí àkọ́kọ́. Ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ya èyí. Wọ́n ní Bouaké, ní Dar-es-Salam. Ó bi wọ́n pé ọdún wo. Wọ́n tọ́ka sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀yìn yẹn rèé. Wo bó ṣe gbó sí."

"Wọn ò tíì bí mi," ni ọlọ́pàá náà sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó wá fa káàtì yọ lára aṣọ náà, ó fi sínú àpò ẹ̀wù ara rẹ̀, ó sì rìn lọ bá ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa.

Ọwọ́ ìyá mi wà lọ́wọ́ mi. Ó tutù, ó sì rin fún òógùn. Wọn kò fi ojú tẹ̀ lé e lọ́tẹ̀ yìí. Aṣọ náà ni wọ́n ń wò, ihò tó wà láàárín rẹ̀ níbi tí káàtì wà tẹ́lẹ̀, obìnrin tó fọn lápá ọ̀tún, obìnrin tó fọn lápá òsì. Oòrùn ń gbóná lórí irin ọkọ̀. Mo gbọ́ bí èémí wọn ṣe ń lọ, mo sì ń ronú ọkàn tí dókítà sọ.

Ó padà dé. Ó fi káàtì náà sáàyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Máa lọ. Ṣùgbọ́n má rù ju báyìí lọ."

"Ó dọwọ́ dókítà," ìyá mi ní.

Wọ́n rù sí i. Egbò náà padé nígbẹ̀yìn, ó fi àpá dúdú sílẹ̀ àti ìka tí èékánná rẹ̀ kò hù mọ́. Ẹ̀rù ọ̀nà Béoumi kò fi wọ́n sílẹ̀ títí ogun fi pa ọ̀nà náà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n ṣì ń dúró níwájú dígí, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n á gbé e lé orí àpótí, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn wo abẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ti lọ báyìí, wọ́n gbó kí wọ́n tó lọ. Ọlọ́pàá kì í béèrè káàtì yẹn mọ́. Aṣọ gbọọrọ náà wà nínú àpótí mi, náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ti pọ́n. Mo ti tó ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà náà. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé ara mi ń dán, inú mi sì máa ń dùn sí i kí n tó rántí.

Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, ìdí eyín mi ṣẹ̀jẹ̀ sára búrọ́ọ̀ṣì. Mo fi omi ṣan ẹnu, ó tún ṣẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú téèpù kúrò lọ́rùn mi, mo fi yí ikùn ara mi po. Mo fi àtàǹpàkò di ojú rẹ̀ mú níbi tó ti pàdé. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mò ń gbọ́ àwọn ènìyàn tó ń kọjá lójú títì. Lẹ́yìn náà mo tẹrí ba, mo wò ó.